Ṣé àdúrà mi níwájú Ọkàn Mímọ́ Jésù ò máa lọ lásán báyìí?

Ìyá kan tó ń gbé Tanke níbí nílùú Ìlọrin, ọmọ Òmù-Àrán ni wọ́n, ló bi mí ní ìbéèrè yìí. Mo gé e kúrú díẹ̀:

“Bàbá Katikíìsì, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Ó ti lé lọ́dún 11 tí mo ti wà nínú ẹgbẹ́ Ọkàn Mímọ́, mi ò kí ń pa Mísà Ẹtì àkọ́kọ́ oṣù jẹ. Àwòrán Ọkàn Mímọ́ wà ní pálọ̀ mi, gúlóòbù pupa wà níwájú ẹ̀. Tí mo bá kúnlẹ̀ síbẹ̀ ara mi á gbóná, omijé á máa bọ́. Àmọ́ tí mo bá dìde báyìí, kí n tó dé kíṣìnnì mo ti máa jágbe mọ́ ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ilé. Ìyá ọkọ mi, Alhaja ni wọ́n, wọn ò fẹ́ mi rí, wọ́n ní èmi ni mo gba ọmọ àwọn kúrò nínú ẹ̀sìn, nígbà tí mi ò sì tètè rọ́mọ bí, wọ́n fojú mi rí màbo. Rọpárọsẹ̀ ti wá dá wọn dúbúlẹ̀ báyìí, apá ọ̀tún ò ṣiṣẹ́ mọ́, àwọn àbúrò ọkọ mi sì ní kí n gbà wọ́n sílé torí ọkọ mi ni àkọ́bí. Mi ò lè kọ̀, mi ò sì fẹ́, mi ò rí oorun sùn. Ọ̀kan nínú àwọn àbúrò ọkọ mi yìí kan náà ló máa ń yáwó lọ́wọ́ mi tí kì í san. Bàbá Fada ní ìfẹ́ Ọlọ́run tí ò bá hàn sí èèyàn, ẹnu lásán ni. Ṣé àdúrà mi ò máa lọ lásán báyìí? Ṣé orúkọ àánú ni kí n fi jẹ́ kí wọ́n máa rẹ́ mi jẹ? Tí màmá bá sì dé, kí ni kí n ṣe sí àwòrán inú pálọ̀?”

Àbúrò mi, ẹ kú àfaradà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka ọ̀rọ̀ yín kí n tó dáhùn, torí kì í ṣe ọ̀rọ̀ téèyàn ń dáhùn lórí ìdúró. Kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó máa jẹ́ kí ẹ rí oorun sùn lálẹ́ òní: rárá, àdúrà yín ò lọ lásán. Ẹni tí àdúrà ẹ̀ ń lọ lásán kì í mọ̀ pé òun jágbe mọ́ ọmọ ọlọ́mọ láàárín pálọ̀ sí kíṣìnnì, á jágbe tán á jókòó jẹun, ó parí. Ohun tó ń dùn yín yẹn, iṣẹ́ àdúrà ni. Ibi tó kù sí ni pé ẹ rò pé ara tó ń gbóná yẹn ni ìfẹ́ náà, tí ara bá wá tutù ẹ á rò pé ìfẹ́ ti lọ. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ ká jọ jókòó sí dáadáa.

Ẹ lọ dúró níwájú àwòrán yẹn lónìí, ẹ má tíì gbàdúrà, ẹ kàn wò ó ná. Ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń kúnlẹ̀ níwájú ẹ̀ láti kékeré tá ò wò ó rí. Ọkàn Jésù ò sí nínú àyà níbẹ̀, ìta ló wà. Iná ń jó lórí ẹ̀, àgbélébùú kékeré dúró nínú iná yẹn, ẹ̀gún yí i ká, ojú ọgbẹ́ sì wà lára ẹ̀. Ojú ọgbẹ́ yẹn ni kí ẹ tẹjú mọ́. Nínú Jòhánù orí 19 ẹsẹ 34, Olúwa ti kú tán lórí igi kí ọmọ ogun kan tó fi ọ̀kọ̀ gún un lẹ́gbẹ̀ẹ́, lójú ẹsẹ̀ ẹ̀jẹ̀ àti omi tú jáde. Ẹ gbọ́ o, ó ti kú. Ẹni tó ti kú ò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè mọ́, síbẹ̀ nígbà tí wọ́n gún un, nǹkan tó ṣì kù nínú ẹ̀ ló tú jáde fún wọn. Àwọn bàbá Ìjọ ìgbàanì tẹjú mọ́ ihò yẹn títí, wọ́n ní omi yẹn ni Ìrìbọmi, ẹ̀jẹ̀ yẹn ni Ara àti Ẹ̀jẹ̀ Olúwa tí à ń gbà nínú Mísà, pé ibẹ̀ ni Ìjọ ti jáde wá bí ìgbà tí Éfà jáde láti ìhà Ádámù. Ọkàn tí ẹ ń kúnlẹ̀ níwájú ẹ̀ láti ọdún 11, ọkàn tí wọ́n ti ṣí ni. Kò ní ìlẹ̀kùn tó lè tì mọ́. Ohun tó sì ń ṣe sí àwa tá a bá pẹ́ lọ́dọ̀ ẹ̀ náà nìyẹn, ó máa ń ṣí wa, ṣíṣí yẹn sì máa ń dunni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa ẹni tí ìfọkànsìn yìí tọwọ́ ẹ̀ tàn dé ọ̀dọ̀ wa, torí ọ̀rọ̀ yín jọ tiẹ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ẹni Mímọ́ Margaret Mary Alacoque, ọmọ ilẹ̀ Faransé, 1647 ni wọ́n bí i. Bàbá ẹ̀ kú nígbà tó wà lọ́mọ bí ọdún 8, àwọn mọ̀lẹ́bí wá gba àkóso ilé mọ́ òun àti ìyá ẹ̀ lọ́wọ́, ó dà bíi pé ẹrú ni wọ́n nínú ilé tó jẹ́ tiwọn, kó tó jáde lọ ibì kan àfi kó gba àṣẹ. Ìyá ẹ̀ wá ṣàìsàn kan tó mú un lórí, orí wú, ọmọ yìí ló ń tọ́jú ẹ̀, ó ń lọ tọrọ ẹyin lọ́wọ́ ará àdúgbò kí ìyá ẹ̀ lè rí nǹkan jẹ. Torí náà kó tó rí ìran Ọkàn Mímọ́ ló ti mọ bó ṣe ń rí kí àwọn ará ilé ẹni fojú ẹni rí màbo, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń fọ egbò. Ìgbà tó wọ ilé àwọn Sísítà Visitation ní Paray-le-Monial ni Jésù bẹ̀rẹ̀ sí í fi Ọkàn ẹ̀ hàn án, December 27, 1673 ni àkọ́kọ́, ó sì ń bá a lọ títí di 1675. Ohun tó dun Olúwa tó sì fi lọ Margaret Mary ni pé Ọkàn òun nífẹ̀ẹ́ ọmọ aráyé débi tí kò fi nǹkan kan pamọ́, àìmoore ni ọ̀pọ̀ sì fi ń san án. Àwọn Sísítà ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ gan-an ò kọ́kọ́ gbà á gbọ́, Fada Claude La Colombière, ará Jesuit, ló dúró tì í. Ó gba ọ̀pọ̀ ọdún o. 1856 ni Póòpù Pius 9 tó ní kí gbogbo Ìjọ máa ṣe àjọ̀dún ẹ̀, 1899 ni Póòpù Leo 13 fi gbogbo ọmọ aráyé lé Ọkàn náà lọ́wọ́, ní October 2024 sì ni Póòpù Francis kọ ìwé gígùn kan sí gbogbo Ìjọ lórí ẹ̀, kò tíì ju oṣù 6 lọ lẹ́yìn ìyẹn tó fi kú. Apá tó gbẹ̀yìn ìwé yẹn ni kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ Ọkàn Mímọ́ kà. Ó ní tá a bá fẹ́ fi ìfẹ́ san ìfẹ́ Jésù padà, kò sí ọ̀nà tó dára ju ká nífẹ̀ẹ́ àwọn èèyàn ẹgbẹ́ wa lọ.

Àwa Yorùbá sì ti mọ ọ̀rọ̀ yìí nínú èdè wa tipẹ́, àfi pé a ò kí ń tẹ́tí sí i. Inú ni a máa ń fi gbogbo ẹ̀ sí. Inú bí mi, inú mi dùn, onínúure ni, inú ẹ̀ le, ilé kan náà ni gbogbo wọn ń gbé. Ìyọ́nú ńkọ́? Kí inú yọ́ ni. Bí òrí ṣe máa ń yọ́ tí oòrùn bá pa á, ohun tó dì gbagidi á wá máa ṣàn. Òrí ò sì lè yọ́ kó má ba ibi tó wà, á kan èyí tó bá wà nítòsí ẹ̀. Ẹ̀yin ń sọ pé tí ẹ bá kúnlẹ̀ inú yín ń yọ́, ó dáa, mo gbà á gbọ́. Ibo wá ló ń ṣàn lọ? Tó bá jẹ́ ojú nìkan ló gbà jáde bí omijé tí ẹ sì nù ún nù, kò tíì kan ẹnikẹ́ni nìyẹn.

Kí n sọ tèmi. Nígbà yẹn Ọ̀fà ni mo ń gbé. Ọkùnrin kan wà tó yẹ ààlà ilẹ̀ bàbá mi, ó kọ́lé sí i, a pè é sọ́dọ̀ àwọn àgbà, a rojọ́ títí, kò sóhun tó tìdí ẹ̀ yọ. Ọdún 6 ni èmi àti ẹ̀ ò fi kí ara wa, tó bá ń bọ̀ lọ́tùn-ún èmi á gba òsì. Lọ́jọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ oṣù kan, lẹ́yìn Mísà, àwa ọmọ ẹgbẹ́ Vincent de Paul lọ bẹ àwọn aláìsàn wò ní ọsibítù, ẹ̀gbọ́n tó ń darí wa pín wa sí bẹ́ẹ̀dì bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ní kí èmi lọ sí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ọkùnrin yẹn ló wà lórí ẹ̀. Ó ti rù kan egungun. Kò sí ará ilé kankan lọ́dọ̀ ẹ̀, abọ́ ògì wà lórí tábìlì kékeré, ògì náà ti tutù ó ti ní ìpẹ́ lójú, ó ṣe kedere pé ẹnì kan ló gbé e kalẹ̀ láàárọ̀ tó sì lọ. Ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n, kò lè gbé ṣíbí.

Àbúrò mi, Ara Olúwa tí mo gbà ò tíì pé wákàtí kan lẹ́nu mi. Mo dúró síbẹ̀, inú mi ò yọ́ rárá, kí n má parọ́ fún yín, ńṣe ló le bí òkúta, mo tiẹ̀ ń rò ó pé kí n pààrọ̀ bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú ẹlòmíràn. Ohun tó mú mi dúró ò ju pé ojú ń tì mí níwájú àwọn tá a jọ wá. Mo tọrọ omi gbígbóná lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, mo po ògì yẹn padà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣíbí bù ú sí i lẹ́nu. Ó ń dà sí i nírùngbọ̀n, mo ń fi etí ṣíbí gbá a padà sẹ́nu ẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe fún ọmọ ọwọ́. Ó mọ̀ mí, ojú ẹ̀ ò kúrò lójú mi. Kò sọ̀rọ̀, èmi náà ò sọ̀rọ̀. Nígbà tó kù díẹ̀ kó tán, ó ní “Ó tó.” Ó tán. Kò tọrọ àforíjì lọ́jọ́ yẹn, kò tọrọ ẹ̀ títí tó fi kú, ilẹ̀ yẹn sì wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ ẹ̀ dòní. Mo ń fọ abọ́ nídìí ẹ̀rọ omi ni mo tó rí i pé ọwọ́ tèmi náà ń gbọ̀n. Lọ́jọ́ kẹta mo tún padà lọ, kò sẹ́ni tó rán mi. Lọ́jọ́ kẹta yẹn mo jókòó.

Mo sọ ìyẹn kí ẹ má bàa dúró de ara gbígbóná kí ẹ tó ṣe nǹkan kan fún Alhaja. Ọwọ́ lè ṣáájú inú. Ẹni Mímọ́ Faustina Kowalska, ọmọ ilẹ̀ Pólándì tí ìfọkànsìn Àánú Ọlọ́run tọwọ́ ẹ̀ wá, kọ ọ́ sílẹ̀ pé Jésù ní ọ̀nà mẹ́ta la fi ń ṣàánú ọmọnìkejì: iṣẹ́ ni àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ ni ìkejì, àdúrà ni ìkẹta. Ẹ wo bó ṣe tò ó. Ọ̀pọ̀ wa, àdúrà la kọ́kọ́ máa ń mú torí òun ni kò ná wa ní nǹkan kan, “mo ń rántí yín nínú àdúrà o,” a ti kọjá. Àmọ́ ẹni tí kò lè dìde mọ́, tí kò lè sọ̀rọ̀, àdúrà nìkan ló kù fún un, Olúwa sì gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ bí iṣẹ́ odindi, ìyẹn ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé òun ò ní nǹkan tóun lè fi ṣàánú. Obìnrin tí mò ń sọ yìí, ìwé tó kà ò pé ọdún mẹ́ta. Kúùkù ni nílé àwọn Sísítà, ó ṣiṣẹ́ ọgbà, ó ṣọ́ géètì. Ìgbà tó ń ṣọ́ géètì ní Kraków ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá lọ́jọ́ òtútù, aṣọ ara ẹ̀ ti ya, kò wọ bàtà, ó ní kí wọ́n fún òun ní nǹkan gbígbóná. Faustina wá ọbẹ̀ díẹ̀ ní kíṣìnnì, ó gbé e sórí iná, ó rún búrẹ́dì sí i, ó gbé e fún un. Ọmọ yẹn jẹ ẹ́ tán, Faustina gba abọ́ padà lọ́wọ́ ẹ̀, ìgbà yẹn ló tó mọ̀ pé Olúwa ni. Ọdún 33 péré ni Faustina lò láyé, 1938 ló kú, ní 2000 sì ni Póòpù John Paul 2 kà á mọ́ àwọn Ẹni Mímọ́ tó sì ní kí Sunday kejì Ọdún Àjíǹde máa jẹ́ ti Àánú Ọlọ́run. Àwọn kan máa ń bi mí pé èwo ló dáa jù nínú Ọkàn Mímọ́ àti Àánú Ọlọ́run. Odò kan náà ni. Ìtànṣán funfun àti pupa tó ń ti àyà Jésù jáde nínú àwòrán Faustina, omi àti ẹ̀jẹ̀ inú Jòhánù 19 yẹn náà ni. Ẹ mú èyí tó bá rọ̀ yín lọ́rùn.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wọ inú ilé. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, torí náà ọmọ tó ń bá yín ṣiṣẹ́ ni ká fi bẹ̀rẹ̀, kí Alhaja tó dé. Ẹ pè é lálẹ́ òní, kí ẹ sọ fún un pé “má bínú, mo jágbe mọ́ ẹ láìnídìí.” Mo mọ̀ pé ó nira, a ò tọ́ wa dàgbà pé àgbà ń bẹ ọmọdé, àmọ́ ẹni tó ń lọ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ fún Fada lóṣooṣù tí kò lè sọ ọ́ fún ẹni tó ṣẹ̀, ẹsẹ̀ kan ìjẹ́wọ́ yẹn ṣì wà níta. Ṣé ibi ìkòkò kan náà lẹ ti ń bu oúnjẹ fún un pẹ̀lú àwọn ọmọ yín? Ṣé ó ń lọ síléèwé? Aago mélòó ló ń sùn? Àwọn nǹkan wọ̀nyẹn ni Olúwa máa bi yín nípa ẹ̀ nínú Mátíù 25, kò ní bi yín nípa gúlóòbù pupa. Kì í ṣe pé kí ẹ má bá a wí o, tá a bá fi ọ̀tún bá ọmọ wí a máa ń fi òsì fà á mọ́ra, tiyín ni pé ọ̀tún ti ṣiṣẹ́ púpọ̀ jù.

Ti ẹni tó ń yáwó, n ò ní pẹ́ níbẹ̀. Àánú ò sọ pé kí ẹ máa jẹ́ kí wọ́n rẹ́ yín jẹ. Nígbà tí wọ́n gbá Jésù lójú níwájú olórí àlùfáà, ó bi ẹni tó gbá a pé tóun bá sọ ohun tó burú kó sọ ọ́, tó bá sì jẹ́ rere, kí ló dé tó fi ń lu òun? Jòhánù 18:23 ni. Ọkàn kan náà tí wọ́n gún ló bi í léèrè bẹ́ẹ̀. Kí èèyàn fi àṣìṣe han ẹni tó ń ṣe é wà lára iṣẹ́ àánú méje ti ẹ̀mí tí Ìjọ ń kọ́ wa ní katikísímù. Ẹ sọ fún un lójúkojú, ẹ má sọ ọ́ lẹ́yìn ẹ̀, pé owó ọjà ò ṣeé yá mọ́. Tó bá wá ṣẹlẹ̀ pé ebi ń pa àwọn ọmọ ẹ̀, ẹ fún wọn ní ìrẹsì, kí ó jẹ́ ẹ̀bùn, kí ẹ sì gbàgbé ẹ̀. Gbèsè tí ẹ mọ̀ pé kò ní san tí ẹ ṣì ń yá a, ìbínú lẹ ń tọ́jú pamọ́ síbẹ̀.

Wàyí o, Alhaja. Ìdáhùn mi ni pé kí ẹ gbà wọ́n. Àmọ́ kí ẹ tó gbà wọ́n, kí ọkọ yín pe àwọn àbúrò ẹ̀ jókòó, kí ó má jẹ́ ẹ̀yin lẹ máa pè wọ́n, ọkọ yín ni ọ̀rọ̀ kàn. Ta ló máa ra páńpásì? Ta ló máa gbé wọn lọ sí físíò? Ta ló máa wá jókòó tì wọ́n lọ́jọ́ Sunday kí ẹ lè lọ Mísà, kí ẹ sì lè sùn lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn? Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n jọ bí wọn ni, ìyàwó ò kí ń dá ìyá gbé. Ẹni tó rẹ̀ tẹnutẹnu ò lè pẹ́ kó tó di òǹrorò, mo ti rí i lára àwọn tó nífẹ̀ẹ́ ìyá wọn dénú pàápàá, áńbọ̀sì ẹ̀yin tí egbò àtijọ́ ṣì wà lára yín. Ẹni tó ní rọpárọsẹ̀ wà lórí ìdùbúlẹ̀, ó yẹ kí wọ́n máa yí i padà ní bíi wákàtí méjì méjì kí egbò má baà dá sí i lẹ́yìn, ẹnì kan ò lè dá ìyẹn ṣe tọ̀sán-tòru.

Egbò yín ńkọ́? Mi ò ní kí ẹ ṣe bíi pé kò sí ńbẹ̀. Kódà nígbà tí Jésù jí dìde, ojú ọgbẹ́ ẹ̀ ò pa rẹ́, ó fi han Tọ́máàsì. Ẹ mú un lọ fún un. Tí ẹ bá ń ṣe Wákàtí Mímọ́ ní alẹ́ Thursday tó ṣáájú Ẹtì àkọ́kọ́, láti aago 11 sí 12, wákàtí tá a fi ń bá Jésù jókòó nínú ìrora ẹ̀ ní Gẹtisémánì, ẹ mú orúkọ kan ṣoṣo lọ síbẹ̀, orúkọ Alhaja. Ẹ sọ ohun tí wọ́n ṣe, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ tí wọ́n pè yín ní àgàn lójú àwọn àlejò, gbogbo ẹ̀, ẹ má fi pamọ́. Ìtanràn tí à ń sọ nínú ẹgbẹ́ Ọkàn Mímọ́, pé à ń tu Olúwa nínú nítorí àìmoore aráyé, àìmoore tí Alhaja fi san sùúrù yín wà níbẹ̀, àìmoore tí ẹ̀yin náà fi san oore ẹlòmíràn wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ dìde kí ẹ lọ sùn. Kò pọn dandan kí ara gbóná.

Kí n fi kan kún un níbí torí mo ń gbọ́ ọ káàkiri. Àwọn kan ń gba Ara Olúwa ní Ẹtì àkọ́kọ́ oṣù mẹ́sàn-án tẹ̀léra bí ẹni ń dá àjọ, pé tóun bá ti dá 9 pé, kíkó òun ti dé nìyẹn, ọ̀run di ti òun. Ìlérí tí Olúwa ṣe fún Margaret Mary lórí ẹ̀ dúró, mi ò sọ pé kò dúró. Àmọ́ Ara ẹnì kan lẹ ń gbà lẹ́ẹ̀mẹsàn-án yẹn, ẹni tí à ń gbà sínú bẹ́ẹ̀ ò ní jókòó lásán nínú wa. Nígbà tí àwọn Fada SMA, ìyẹn ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì kan, dé Abẹ́òkúta láti ilẹ̀ Faransé, wọ́n ò kàn gbé àwòrán Ọkàn Mímọ́ kọ́ ògiri. 1895 ni Fada Coquard bẹ̀rẹ̀ ọsibítù ní Lantoro, òun ni wọ́n ń kà sí ọsibítù àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, orúkọ Ọkàn Mímọ́ ni wọ́n sì fún un, ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ dòní. Bí wọ́n ṣe túmọ̀ àwòrán náà nìyẹn, wọ́n fi bẹ́ẹ̀dì túmọ̀ ẹ̀.

Ó wá ku àwòrán pálọ̀ yín. Ẹ má gbé e kúrò. Ilé Àgùdà ni, Alhaja mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó wá, kò sí ẹ̀tàn níbẹ̀. Ẹ má sì gbé e lọ sí yàrá tí wọ́n máa sùn, kí ẹ má sì fi rósárì kọ́ wọn lọ́rùn nígbà tí wọn ò lè gbé ọwọ́ kọ̀ ọ́. Mo mọ àwọn tó ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n rò pé ìfẹ́ ni. Ìfẹ́ kì í lo àìlera èèyàn. Ẹ sọ fún ọkọ yín kó gbé bẹ́ẹ̀dì wọn síbi tí wọ́n á ti lè kọjú sí kíbílà. Láti 1965 ni Ìjọ wa ti sọ ọ́ jáde nínú ìpàdé ńlá Vatican kejì pé a ń bọ̀wọ̀ fún àwọn Mùsùlùmí, tí wọ́n ń sin Ọlọ́run kan ṣoṣo, aláàánú. Ẹ̀yin náà tó ń gbé Ìlọrin, ojoojúmọ́ lẹ ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pe Ọlọ́run ní Àjọkẹ́-ayé, Àṣàkẹ́-ọ̀run kí wọ́n tó ṣe ohunkóhun. Àjọkẹ́, ẹ gbọ́ ọ dáadáa, ẹni tó ń kẹ́ gbogbo wa pọ̀, àtẹ̀yin àti ìyá ọkọ yín.

Torí náà, kí wọ́n tó dé, ẹ lọ sọ́jà Ìpàta kí ẹ ra búúta tuntun kan, èyí tí ọwọ́ ẹ̀ fúyẹ́. Apá ọ̀tún wọn ò ṣiṣẹ́, wọn ò ní lè dá àlùwàlá ṣe. Ẹ bẹ ọmọ wọn obìnrin kó kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ibi tí omi máa kọ́kọ́ kàn, iye ìgbà. Tí aago ìrun bá tó, ẹ lọ́ omi náà wọ́ọ́rọ́, ẹ gbé báàfù sábẹ́ ọwọ́ wọn, ẹ di ọwọ́ tó ti kú yẹn mú, kí ẹ sì máa da omi sí i díẹ̀díẹ̀. Tí wọ́n bá kọ̀ fún yín lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ gbé búúta náà sílẹ̀ síbi tí ojú wọn á ti máa rí i, kí ẹ sì tún gbé omi wá lọ́jọ́ kejì.